Àkísà Tó Wà Lẹ́nu Páìpù Bọ́ílà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ilé ọmọ mi obìnrin ní àdúgbò Corduff, lókè òkun níbí, ni mò ń gbé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí omi gbígbóná wa ti ń ṣe ségesège. Ẹ ó bọ́ sábẹ́ ṣáwà, yóò gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, yóò sì di yìnyín. Díákónì, ọkọ ọmọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe, ní ọ̀tá ògo òun ló wà nídìí rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ọ̀tá náà ò rí iṣẹ́ míì ṣe ju omi ìwẹ̀ lọ ni?"

Mo yọjú sẹ́yìn ilé. Àkísà ni mo bá lẹ́nu páìpù tí èéfín bọ́ílà, ẹ̀rọ gáàsì tó ń gbé omi wa gbóná, ń gbà jáde. Díákónì fúnra rẹ̀ ló fi dí i! Nígbà tí mo bi í, ó ní:

"Dádì, gbogbo ooru ilé ló ń gba ibẹ̀ lọ bá àwọn aládùúgbò."

Mo yọ ọ́, ó dá a padà. Mo ra ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín olóró bá wọlé. Ó ké lóòótọ́. Díákónì yọ bátìrì rẹ̀, ó ní ó ń dí àdúrà lọ́wọ́.

Yàrá tó wà lókè bọ́ílà ni Tẹ́ní, ọmọ-ọmọ mi, ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí ló ti ní, "Grandpa, my head is sore."

Láàárọ̀ yìí, mo pa bọ́ílà. Díákónì ní bí òun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun á tàn án. A kì í gbélé àna ká máa pàṣẹ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n pe oníṣẹ́ gáàsì wọlé lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn.