Àwọn Ejẹ́ńtì Tí Inúmidùn Ń Kọ́ Níṣẹ́

Abúlé Ìdí-Orò,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Inúmidùn ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òjò tí wọ́n ń sọ lórí rédíò kò gbé omi wọ yàrá yín ní Àmùkókò? A ò ní gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ láṣẹ Ọlọ́run. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí méjì, ọ̀kan kú. Ilá kò so dáadáa lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ ìwé yìí, mi ò mọ ibi tí mo lè ti mú un. Nígbà tí o pè wá lórí fóònù, tí o ní ọ̀gá yín ní Apapa gbé iṣẹ́ tuntun fún ọ, pé ìwé ìlànà lò ń kọ fún àwọn ejẹ́ńtì, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe máa tún ìwé onílà tí ẹ fi ń ka kọ̀nténà nínú kọ̀ǹpútà ṣe, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Ejẹ́ńtì tí mo mọ̀ ni àwọn tó ń sáré kiri ní èbúté Tin Can, tí wọ́n ń bá kọ́sítọ́ọ̀mù fa ọ̀rọ̀ kí ẹrù tó jáde. Mo sọ fún Baálẹ̀ pé ọmọ mi ti di tíṣà àwọn ejẹ́ńtì. Mo ní kí ìyá rẹ di gaàrí sílẹ̀ fún wọn, torí àwọn tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, ebi á máa pa wọ́n.

Àfi bí Kọ̀yà ṣe já wọlé pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, Kọ̀yà aládùúgbò wa yìí náà tó mú ọ wọ ọ́fíìsì yẹn. Mo bi í bóyá wọ́n fún un ní ìsinmi ni, ó ní rárá o, bàbá, iṣẹ́ ti bọ́. Ó ní òun àti Ufuoma tí wọ́n jọ ń tẹ orúkọ ẹrù sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé àwọn ejẹ́ńtì ti ń ṣe é. Mo ní ṣé àwọn tí Inúmidùn ń kọ́ náà ni, ó ní àwọn ni. Mo ní ọmọ ìlú ibo ni wọ́n, ta ló gbà wọ́n sílé? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wolẹ̀. Ó ní wọn kì í ṣe èèyàn, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà, wọn kì í jẹ, wọn kì í sùn, ohun tí o bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà tí wọ́n sì ń ṣe. Ọmọ mi, ẹni tí kì í sùn, ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Kọ̀yà ní ìwọ lo wá jókòó ti òun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pé kí òun ṣàlàyé bí òun ṣe ń ṣe é. Òun sì ṣàlàyé: kéèyàn kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, kó má pa ìlà kankan rẹ́ tí wọn ò bá ní kó pa á rẹ́, kó má tẹ nǹkan lé ibi tí ìṣirò bá wà, tí kò bá sì dá a lójú kó béèrè. Ó ní òun tiẹ̀ ra búrẹ́dì àti míńírà fún ọ, òun rò pé ẹ fẹ́ gba ọmọ tuntun síṣẹ́ ni. Inúmidùn, ṣé o ti mọ̀ nígbà yẹn? Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú ọ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ìyá Kọ̀yà kì í gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá mọ́. Èmi àti ìyá rẹ lọ bẹ̀ ẹ́, mo ṣí fìlà. Ó ní òun ò bá wa jà, àmọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan ì bá ti ta ọmọ òun lólobó. Ó fún wa lómi, a mu ún, a padà sílé.

Kọ̀yà ti ń bá mi lọ sóko báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó, kò sì ráhùn. Lánàá tí a ń sinmi lábẹ́ igi òro, ó ní kí n má bínú sí ọ, pé bí o kò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á kọ ọ́. Ó ní òun ka ìwé tí o kọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ó dà bíi pé òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Ó wá gbé àdá rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ò lè gbé tèmi.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, ìgbà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí o bá kọ ni wọ́n ń ṣe, fi ìlà kan kún un pé tí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́ Kọ̀yà àti Ufuoma, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bóyá ọ̀gá yín ò ní kà á débẹ̀. Tí wọ́n bá ń ṣorí kunkun, fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, oògùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti tán. Mo rò ó bóyá kí n má gba owó iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń ro ìyá rẹ, kò jẹ́ kó sùn, màá gbà á. Fi ti Kọ̀yà kún un, màá sọ pé owó oko ni.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó má jẹ̀ẹ́ kí tírélà Apapa kọ lù ọ́. Gbogbo ohun tí o mọ̀ tí o ti kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kì í sùn yìí, kí Ó jẹ́ kí díẹ̀ ṣẹ́ kù síbì kan lára rẹ tí wọn ò tíì kà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dáhùnsí.