Omi Tó Jẹ́ Ká Rí Ọkàn Ọ̀gá

Ìkẹ́rẹ́, Ọjọ́bọ̀, ìgbà ọyẹ́, 1998

Ó ti ṣiṣẹ́! Ẹ̀rọ tí mo tò láti sọ lílù ọkàn di ńlá ti ṣiṣẹ́!

Láàárọ̀, Ọ̀gá wa ní bí lílù ọkàn kò bá hàn lójú skópù, ẹ̀rọ tó ń ya iná bí ìlà, ká tó ṣíwọ́, kí n tú ohun tí mo tò palẹ̀. Ìlà tó ń gbọ̀n bí eyín ayùn nìkan là ń rí. Mo ti pààrọ̀ gbogbo rẹsísítọ̀ tó ń dín iná kù nínú rẹ̀ tán, ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún.

Àfi bí mo ṣe fọwọ́ kan ara skópù, tí ìlà náà rọlẹ̀ díẹ̀. Áà! Waya tó yẹ kó máa kó iná tó ń da ìlà rú wọ ilẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́! Ẹ̀bá àpáta ẹ̀yìn yàrá iṣẹ́ ni wọ́n ri irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, ọyẹ́ sì ti mú ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ bí eérú. Mo sáré da omi oníyọ̀ korobá kan sí i, kí iná lè rí ọ̀nà wọlẹ̀.

Mo padà wọlé, mo so ẹ̀rọ mọ́ Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ìlà náà mọ́ kedere: kì, kì, kì.

"Kú uṣẹ́ o," ló wí, ẹni tí kì í sọ Èkìtì níbi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì le koko. Ṣùgbọ́n skópù kò bá a pa á mọ́: ọkàn rẹ̀ ti ń sáré.