Dókítà Bu Chunhwa, Ọmọ Amòòkùn Tí Ó Ṣọ́ Ọlẹ̀ (1939–2021)

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1939 ni a bí olóògbé ní abúlé Saemul, erékùṣù Jeju. Apẹja ni bàbá rẹ̀, Bu Kisu. Ìyá rẹ̀, Hyeon Okdan, jẹ́ amòòkùn tó ń kó oúnjẹ nísàlẹ̀ òkun, bí ìyá tirẹ̀ náà ti jẹ́. Bí èmi Mansuk, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti àwọn obìnrin ilé wa bá mòòkùn, à ń kan ìsàlẹ̀; bí Chunhwa bá mòòkùn, á léfòó padà bí akèrègbè. Ìyá wa ní, "Ẹ mú eléyìí lọ ilé-ìwé, òkun ti kọ̀ ọ́."

Ìgbà líle dé, ó kọjá, Chunhwa sì ń kàwé lọ. Ní 1959 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Busan, ní òdìkejì òkun, láti kọ́ bí ẹyin ṣe ń di ọlẹ̀, tí ọlẹ̀ ń di odidi ẹ̀dá. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀.

Ní oṣù kẹta 1962, Ọ̀jọ̀gbọ́n Paeng, olùkọ́ rẹ̀, ní kí ó fi ẹyin tó ń pín hàn òun lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa lọ ilé. Chunhwa kọ̀wé sílé pé kí a fi ẹlẹ́gùn-ún òkun ránṣẹ́, ẹran ìsàlẹ̀ omi roboto tí ẹ̀gún bo. Èmi ni mo kó wọn. Mo gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan títí omi ara rẹ̀ fi kán sílẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Èyí tó dùn, mo dì í. Èyí tó korò, mo jù ú padà. Ṣé ohun kíkorò ni n ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá mi?

Ní Busan, omi funfun nìkan ló jáde lára wọn, kò sí ẹyin kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ọmọbìnrin, ṣé akọ ni yóò yé ẹyin fún wa?" Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan péré, àsìkò ẹyin sì ti ń lọ.

Lẹ́tà Chunhwa dé: "Ẹ̀gbọ́n mi, akọ ni gbogbo wọn! Abo ló ń korò. Èyí tí ẹ jù nù ni mo fẹ́."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mansuk, ọ̀fun rẹ fẹ́ lé àbúrò rẹ kúrò nílé-ìwé!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mòòkùn nínú òtútù, tí ẹnu mi korò bí jogbo. Èmi fúnra mi ni mo gbé korobá tó kún fún abo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo fi ẹsẹ̀ há a mọ́ra dé Busan.

Chunhwa da omi funfun ti akọ lé ẹyin abo: lábẹ́ awò, ẹyin kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbé ojú kúrò lórí awò. "Ta ló yan àwọn wọ̀nyí?"

Chunhwa ní, "Ahọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni, Olùkọ́."

Ní 1964 ó fẹ́ Ma Dongsik, olùkọ́ bíi tirẹ̀, tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí ọ̀run. Ó gboyè Dókítà ní 1971, ó sì kọ́ni fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kì í pa tẹ́ḿpìlì orí òkè jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá wa fi ìrẹsì rúbọ sí òkun lọ́dọọdún. Ó gbé awò wá sí Saemul kí àwa amòòkùn lè wo ọlẹ̀. Ìyá àgbà Yang, amòòkùn bíi tiwa, wò ó, ó pariwo sí ọlẹ̀ náà: "Haà! Ìwọ ń kọ́lé lọ́wọ́, èmi ń jẹ ọ́!" Láti ọjọ́ náà, a kì í kó ẹlẹ́gùn-ún lóṣù ẹyin mọ́.

Ó sùn ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ó fi èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Yunhui àti Sangjin, ọmọ-ọmọ márùn-ún àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan.

Ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo ni yóò wà níwájú àwòrán rẹ̀ níbi ìsìnkú. Mo ti tọ́ ọ wò: abo ni. Chunhwa, mi ò ju èyí tó korò nù mọ́. Sinmi, ọmọ ìyá mi. Kí ibùsùn rẹ tutù bí ìsàlẹ̀ òkun tí o kò kàn rí.