Ẹja Kan Tó Ń Dáko ní Àjàó Estate

                              Ojúlé Kẹsàn-án,
                              Apákún, Òṣòdì,
                              Ìpínlẹ̀ Èkó.
                              Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi Bọ̀wálé,

Ṣé ara ò le? Oyinkán ńkọ́, àti Màmá tí orúnkún ń dùn lọ́jọ́sí? Ṣé àwọn ẹja àrọ̀ inú adágún yín ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà níbí. Ariwo bàálù ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa, àmọ́ a wà.

O rántí ilé ìtura tó wà ní Àjàó Estate, tó gbà mí láti máa tọ́jú àwọn ẹja òkun tó wà nínú gíláàsì ńlá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí.

Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Láàárín àpáta iyùn, nínú òkun ilẹ̀ olóoru, ni irú rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì ń ṣe. Mi ò purọ́. Á yan ibì kan lára òkúta, á jẹ́ kí ewéko tó fẹ́ràn láti máa jẹ hù síbẹ̀. Èyí tí kò fẹ́, á fi ẹnu fà á tu, á gbé e lọ sókèèrè, á tu ú dànù. Ẹja tó tóbi jù ú lọ nígbà mẹ́wàá, bó bá yà síbẹ̀, á lé e. Ó máa ń gé òmùwẹ̀ pàápàá jẹ.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́bọ́lájí, wo oko yìí, ó ní ìdọ̀tí ni.

“Teslim, fi búrọ́ṣì fọ òkúta yẹn kó funfun. Àwọn tó ni ilé ń bọ̀.”

Mo ní, “Oko ni, sà. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń ro ó.”

“Ta ló ń ro ó?”

“Ẹja ni, sà.”

Ìyá Fawziyyah tó ń gbálẹ̀ ní, “Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ìwé ló kà jù.”

Ọ̀gá ní bí mi ò bá fọ̀ ọ́, kí n máa lọ. Mo ní mi ò fọ̀ ọ́. Ló bá ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó ti ọwọ́ bọ omi fúnra rẹ̀. Ẹja ò béèrè ipò tó wà. Ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀mẹta kí búrọ́ṣì tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo gba kúẹ́rì: kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi kọ́ ẹja ní ìjà. Mo fèsì pé n kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, pé ẹni tó wọ oko olóko láìgbàṣẹ ni kí wọ́n fún ní kúẹ́rì. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ dípúlómà mi sẹ́yìn orúkọ.

Wọ́n fún mi di ìparí oṣù kí n fi fọ òkúta náà. Ìyá mi ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀, pé iṣẹ́ ò sí níta. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹja tí kò ju ìka lọ ò sá. Èmi kọ́ ni màá kọ́kọ́ sá.

Búrọ́ṣì ọ̀gá ṣì wà nísàlẹ̀ omi. Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ mú un. Ewéko ti hù lára rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo bá ẹja náà níbẹ̀, ó ń ro ó.

Bá mi kí Oyinkán. Sọ fún Màmá pé mo ṣì ń jẹun.

                              Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí wọn kò tíì lé,
                              Teslim