Kókó Mẹ́ta Lẹ́nu Àpò

Màámi,

Ara mi yá gágá, ẹ má mikàn rárá. Ẹ wá gbọ́: àpò kajú yín dé iléeṣẹ́ wa lónìí! Òkè òkun níbí ni wọ́n ti ń yan án, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú agolo olówó gọbọi tí wọ́n ń kó padà lọ tà fún yín. Mo rí òwú pupa àti kókó mẹ́ta yín lẹ́nu àpò, ni mo bá pariwo, "Ìyá mi ló rán an!" Ọ̀gá ní orí mi ti dàrú.

Ẹ má bi mí ohun tí èmi akọ̀wé ń wá nídìí àpò. Mo kàn yà síbẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ kún tó yẹn mọ́. Nínú gbogbo àpò òní, tiyín ló wúwo jù léjìká.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní akọ̀wé wọn ń kí wọn.