Ìyá Wò-ó-ná, Nọ́ọ̀sì Tí Kì Í Sáré Gbé Ọmọ

Ọdún 1947 ni wọ́n bí ìyá wa, olóògbé, sínú ilé pákó kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ìran oníṣẹ́ ọwọ́ ni ìran wọn. Bàbá wọn ń tún ojú irin ṣe, ìyá wọn ń fọ aṣọ ọsibítù. Àwọn ni àkọ́bí; àbúrò wọn ọkùnrin, tó di káfíńtà, ló tẹ̀lé wọn. Àwa ẹbí la kọ ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò kàwé tó ìyá wa. Ibi tó bá wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe lẹ́nu, ẹ má fi bú wa.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìtòsí ilé ni wọ́n lọ. Bí wọ́n bá ń gbé aṣọ fífọ̀ lọ sí ọsibítù, wọn á dúró máa wo àwọn nọ́ọ̀sì títí ẹnìkan á fi lé wọn. Ní 1966 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí jáde ní 1969.

Ní 1972 wọ́n fẹ́ bàbá wa, tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Bàbá wa máa ń sọ pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì jọra, pé èèyàn gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa kó tó fọwọ́ kàn án.

Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni ìyá wa ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí ọ̀ràn wọn ò ṣeé dúró. Wọ́n ní ọ̀nà tiwọn. Wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn á wo ọmọ lórí itan ìyá rẹ̀. Ṣé ó ń wojú ìyá rẹ̀? Ṣé abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí? Ètè rẹ̀ ńkọ́, ṣé àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà? Wọ́n ní bí àjèjì bá ti gbá ọmọ mú, ẹkún nìkan la óò máa rí, a ò ní rí àìsàn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, bíríkìlà kan gbé ọmọ rẹ̀ sáré wọlé, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́fun. Ìyá wa ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì dúró, wọ́n ń wò.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé sinimá lẹ pè é ni? Ọmọ mi ń kú lọ!"

"Bàbá ọmọ, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ọ̀fun rẹ̀ ti wú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sunkún, ẹkún á tún dí i pa."

Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà. Wọ́n fún ìyá ọmọ ní rọ́bà ọ́síjìn, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síwájú imú ọmọ. Dókítà dé pẹ̀lú oògùn, ọmọ mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ. Bíríkìlà yẹn ló sọ wọ́n ní Ìyá Wò-ó-ná, ó sì ń pariwo rẹ̀ káàkiri àdúgbò bí ẹni ń polówó ọjà.

Ìyá wa fẹ́ràn Ọlọ́run. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń jókòó sí nínú ìjọ, torí ẹnikẹ́ni lè wá pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2002, wọ́n ń kọ́ àwọn abiyamọ ní gbọ̀ngàn ìjọ. Wọ́n ní bí gìrì bá mú ọmọ, kí wọ́n gbé e sùn ní ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n kó ohun líle kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìyá àgbà kan ní, "Ṣíbí ni wọ́n kì bọ èmi lẹ́nu, mo ṣì wà níbí."

"Màmá, eyín iwájú yín dà?"

Ìyá àgbà náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ní 2022, àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, wọn ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ìyá wa ní yàrá àwọn làwọn fẹ́ wà. Ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ télọ̀ ló máa tọ́jú wọn. Káfíńtà, àbúrò wọn, ò gbà.

"Aṣọ lo mọ̀ ọ́n rán. Bí mo bá rí ojú egbò kan lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìtọ́jú arúgbó ni mò ń gbé wọn lọ."

Télọ̀ sọ fún ìyá wa pé, "Màámi, ẹ̀rù ń bà mí."

Ahọ́n wọn ti wúwo, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ: "Kó máa bà ọ́. Fọwọ́."

Wọ́n kọ́ ọ láti orí ibùsùn. Kó máa yí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, tọ̀sán-tòru, kí ìdùbúlẹ̀ má bàa dá egbò sí wọn lára. Kó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì gún kó má ká jọ. Kó fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun wọn kí gìgísẹ̀ má kan ibùsùn. Omi tàbí ìtọ̀ ò gbọdọ̀ pẹ́ lára wọn. Ibi tó bá yí àwọ̀ padà tàbí tó gbóná ju ibi tó kù, wọn ò gbọdọ̀ sùn lé e, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ra á.

Ìgbà kan, egungun ìdí wọn gbóná, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. A ò fẹ́ purọ́, a rò pé egbò ti dé. Télọ̀ ò jẹ́ kí ohunkóhun kan ibẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni káfíńtà dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó ní kí télọ̀ yí ẹ̀gbọ́n òun. Ó wò ó títí. Awọ ara ò bó. Ó kàn bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá wọ́n ti jẹun, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó tún padà wá, ibẹ̀ ti rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní 2024, ìyá wa mí èémí ìkẹyìn nínú yàrá wọn, bí wọ́n ṣe fẹ́. Bàbá wa ti ṣáájú wọn lọ. Wọ́n fi télọ̀ sílẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ olùkọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ, tí ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ìyàwó ilé, àwọn àna, àti àbúrò wọn káfíńtà.

Àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù wọn àtijọ́ ló wá wẹ̀ wọ́n. Wọ́n yí wọn, wọ́n wo ẹ̀yìn, ìdí, gìgísẹ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Ta ló tọ́jú ìyá yìí? Kò sí ojú egbò kan lára wọn!" Káfíńtà ṣí fìlà lórí. Ó nawọ́ sí télọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Òun ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìtàn ẹ̀gbọ́n mi, kí gbogbo ayé kà á."

A ti kọ ọ́.

Ìyá wa, ara yín pé dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá yín. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ibùsùn yín. Ẹ sùn ire o.