Ọ̀nà Òjò Tí Mo Dí

                                        Àdúgbò Odòlù,
                                        Kàbà,
                                        Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bámigbóyè, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé,

Èmi ni mo ya pílánì ilé ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ. Kì í ṣe Philip ìbátan rẹ. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó kí ọ, torí mo mọ ara mi: bí mo bá kí ọ tán, màá tún ká bébà yìí sábẹ́ ìrọ̀rí, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù lánàá, tí mo tún gbé e sílẹ̀.

Okun o. Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Virtue àti Delight, ṣé wọ́n ti wọlé ìwé? Ẹ̀yin ará Ìlọrin ò ní í rí àárẹ̀ o. Àwa náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti kọ "a wà" lọ́sẹ̀ yìí.

Ayọ̀kẹ́mi àbúrò rẹ á ti sọ fún ọ pé òjò Ọjọ́bọ̀ wọlé yín. Ó rọra sọ ọ́ ni, kí ẹ̀rù má bà ọ́. Òjò náà ò ju wákàtí kan lọ. Omi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè bó ti máa ń ṣe, ó dé ẹ̀yìnkùlé yín, kò rí ọ̀nà. Nígbà tí mo fi sáré débẹ̀, ó ti kan orúnkún ní pálọ̀. Màmá rẹ jókòó sórí tábìlì, wọ́n gbé fọ́tò bàbá rẹ lé itan, bàtà wọn ń léfòó níwájú wọn. Mo pọ̀n wọ́n jáde. A ò tíì dé ojú títì tí ògiri ẹ̀yìn fi wó wọlé, gbogbo rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa ń sùn sí lọ́sàn-án.

Ṣé o rántí àlàfo tó wà láàárín ilé yín àti ilé àwọn Bọ́ládé, níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù? Nígbà tí Bọ́ládé fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì, èmi ló ní kí n yà á. O mọ̀ pé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo parí sí, iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́. Ilé yíyà, ojú lásán ni mo fi kọ́ ọ. Mo lọ da pílánì ilé kan kọ ní Lọ́kọ́ja, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo wá fẹ̀ ẹ́ títí ó fi bo àlàfo yẹn. Lórí bébà, funfun lásán ni ibẹ̀.

Bàbá rẹ pè mí nígbà náà gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà tó fẹ́ kọ́ ọ; wọn ò mọ̀ pé èmi náà ni mo yà á. Wọ́n ní, "Hezekiah, a kì í kọ́lé síbẹ̀ o. Bí a ṣe bá a nìyẹn." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá." Mo rò pé èèwọ̀ àwọn àgbàlagbà ni, irú èyí tí à ń fi àdúrà lé lọ. Mo tilẹ̀ mú pásítọ̀ wá gbàdúrà síbẹ̀ kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mi ò béèrè pé, "Kí ló dé, Bàbá?" Òwe ní àgbàrá ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà. Bàbá rẹ ò gbà. Èmi ni mo bá wọn gbà á.

Èyí tó burú jù ni pé àwọn èèyàn fẹ́ràn ilé náà. Àwọn márùn-ún mìíràn ni mo tún ya irú rẹ̀ fún. Lánàá mo rin òpópónà ọjà tí wọ́n kọ́ wọn sí láti òkè délẹ̀, mò ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí. Àtẹ̀gùn gbogbo wọn sọ̀ sórí títì gan-an: bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn, èkejì níwájú ọ̀kadà. Gọ́tà ti wọ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Òpó iná kan gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀kan lára wọn yọ. Monica tó ń ránṣọ níbẹ̀ rí bí mo ṣe ń wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án o, òun ló gbé wa dúró!" Àwọn oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín rín.

Nígbà tí o fi ìbínú pè mí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé ta ló ya nǹkan yìí, mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Philip ìbátan rẹ, torí pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń buwọ́ lu pílánì. Philip búra fún ọ pé òun ò rí i rí. Òótọ́ ló sọ. Pílánì náà ò dé ọ́fíìsì kankan. Níbi òkú bàbá rẹ, o ní kó dìde níbi tí ẹbí jókòó sí. Mo wà níbẹ̀. Mo ń jẹun.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wà títí Ayọ̀kẹ́mi yóò fi wá mú wọn lọ sí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń dín àkàrà fún wa. Láàárọ̀ yìí wọ́n ní, "Hezekiah ọmọ mi, ilé tìrẹ ò ní í wó." Wọ́n yí àkàrà inú epo, wọ́n ní, "Òjò ò ṣẹ̀ mí o. Ọ̀nà rẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó ya ilé yẹn, ṣé kò ní ìyá ni?" Mo gbé àkàrà ọwọ́ mi sílẹ̀. Ìyàwó mi wò mí, ó bojú wolẹ̀.

Òjò ṣì kù níwájú. Bí ẹyọ méjì irú rẹ̀ bá tún rọ̀, ilé yín á lọ tán. Ṣé o mọ̀ pé Bọ́ládé wá lánàá, pé kí n ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ṣọ́ọ̀bù náà? Ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà lórí àlàfo gbọ́dọ̀ wó. Èmi ni màá sọ fún un, màá sì mú òòlù dání.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mi ò mọ̀ bóyá o ṣì máa pè mí lọ́rẹ̀ẹ́, mi ò sì ní bẹ̀bẹ̀ nínú lẹ́tà. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá lọ mú Philip wá sílé. Níṣojú rẹ̀ ni màá ti dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, kí n tó fọwọ́ kan àkàrà wọn, màá sì sọ fún wọn pé ẹni tó ya ilé yẹn ní ìyá, pé inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn láti Ọjọ́bọ̀.

                                        Èmi tí o fọkàn tán,
                                        Hezekiah.